Bí Mo Ṣe Tún Kọ̀ǹpútà Ìlú Pèmíkínjẹ́ Ṣe Nítorí Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará àdúgbò, nítorí ohùn mi kò lè rìn jìnnà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mumi, kó ti mu ún báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó máa lọ sùn nílé ara rẹ̀, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni hanrun sí ìtàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó rẹ̀ mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa wo ara yín lójú bí mo bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ìrìn-àjò yìí ni ó ti ń rẹ̀ mí. Mo sùn títí, kò lọ, mo jẹ iyán títí, kò lọ.

Èmi ni Ọdẹ́yínká, olórí ọdẹ Ìdó-Ọsàn. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jà láàárọ̀ tí mo sì fi ìwo rẹ̀ mumi lọ́sàn-án. Èmi ni ẹkùn rí lọ́nà tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní kí n máa kọjá, kí n bá òun kí ará ilé. Káríìmù ẹlẹ́mu, má wò mí bẹ́ẹ̀, o kò sí níbẹ̀. Gbogbo agbára tí mo ní nígbà yẹn ni mo kó lọ sí ìrìn-àjò yìí, n kò sì kó ìdajì rẹ̀ bọ̀.

Ní ọjọ́ kan, èmi àti ìyàwó mi Àwẹ̀ró ń lọ sí oko ìyá rẹ̀ láti lọ kó ẹ̀gúsí. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni a ti jọ wà. Èmi ń lọ níwájú pẹ̀lú ìbọn léjìká, òun ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú agbọ̀n lórí, bí a ti máa ń rìn láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó. Ọ̀nà oko náà kò ju ìrìn wákàtí kan lọ. A rìn títí, n kò rí oko, n kò rí àbà, n kò pàdé ẹnì kankan. Mo ní, "Àwẹ̀ró, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti gbé oko ìyá rẹ kúrò níbi tó wà?" Kò dáhùn. Nígbà tí mo máa fi wẹ̀yìn, agbọ̀n nìkan ló wà nílẹ̀, ó dojú dé. Àwẹ̀ró kò sí.

Mo pè é títí ohùn mi fi há. Mo yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tó jẹ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ̀rù kì í ba Ọdẹ́yínká, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi: ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbé agbọ̀n náà ka orí ara mi, mo sì ń rìn kiri pẹ̀lú rẹ̀ láì mọ̀.

Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú igbó kan lọ. Inú igbó náà ni àwọn igi ti máa ń yán. Ìrókò kan la ẹnu láti ìdí dé agbedeméjì, ó yán gbọọrọ, ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ni àràbà kan tún gbà á, títí gbogbo igbó fi ń yán. Nídìí igi kọ̀ọ̀kan ni egungun àwọn tó ti bá wọn yán wà, wọ́n fọwọ́ rọrí jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí yóò jí láìpẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè yán ẹ̀ẹ̀kan péré, ó parí nìyẹn. Mo tú okùn àpò ọdẹ mi, mo fi di ẹnu mi pọ̀ mọ́ àtàrí. Àwọn igi náà ń bẹ̀ mí: "Ọdẹ́yínká, yán díẹ̀. Ó ti rẹ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó ń wò ọ́." Omi ń dà lójú mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń gbọ̀n, àmọ́ n kò yán. Káríìmù, ìwọ tí o máa ń yán nígbàkígbà tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìdí igi àkọ́kọ́ ni wọn ì bá ti lọ ṣa egungun rẹ.

Nígbà tí mo jáde níbẹ̀, mo rí odi ìlú kan. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́, ṣùgbọ́n òkúta kọ̀ọ̀kan ní imú, ó ní ètè, ó ní ọwọ́ tó gbé lé itan. Ẹ̀dá kan tí orúnkún rẹ̀ kọjú sẹ́yìn dúró lẹ́nu ibodè.

Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, bàbá ọdẹ. Ṣé ẹ wá jókòó ni, àbí ẹ wá mú ẹnì kan?"

Mo tú okùn ẹnu mi. Mo ní, "Ìyàwó mi ni mo wá mú. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀."

Ó ní, "Wọ́n ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Orúkọ wọn ló gbẹ̀yìn." Ó wá ṣàlàyé ìlú náà fún mi. Pèmíkínjẹ́ lorúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ààfin wọn tí orúkọ gbogbo ará ìlú wà nínú rẹ̀, bí àwọn kan bá sì ṣìnà wọ ilẹ̀ wọn, ìlú á fa ẹni tó wà lẹ́yìn wọlé, wọ́n á fi orúkọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ní àràárọ̀, kọ̀ǹpútà náà á máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá pè á jẹ́, á dìde, á jẹun, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àlejò, á gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ẹni tí a kò bá pè kò ní í gbọ́, kò ní í fọhùn. Bí oṣù tuntun bá sì yọ bá a níbẹ̀, ó di òkúta, wọ́n á fi mọ odi.

"Irinwó orúkọ ni kọ̀ǹpútà náà ń rántí nígbà ayé bàbá ọba," bẹ́ẹ̀ ni oníbodè wí. "Àwa ti wá di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ọba ra mẹ́mọ̀rì tuntun sí i, èyí tó lè rántí ẹgbẹ̀fà. Ẹ bá wa rò ó pọ̀, bàbá."

Mo fi ìka kà á. Mo ní, "Ẹgbẹ̀jọ nìyẹn. Ó tó yín, ó kù."

"Ó yẹ kó tó wa. Ẹgbẹ̀rin ló ń pè. Bó bá ti pe ẹgbẹ̀rin tán, á dákẹ́, á tún padà sórí ẹni àkọ́kọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí oṣù yọ."

Ó mú mi lọ síbi tí Àwẹ̀ró wà. Ó jókòó láàárín àwọn tí a kò pè, ó fẹ̀yìn ti odi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo pe oríkì rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Mo bu omi sí i lẹ́nu, omi náà ṣàn wá sí àyà rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ ìka rẹ̀ ti le, ó tutù bí ọlọ. Mo jókòó tì í, mo sunkún. N kò ní irọ́ kankan láti pa fún yín lórí èyí.

Ọba Pèmíkínjẹ́ ní ọrùn tó gùn débi pé ìránṣẹ́ méjì ló ń bá a gbé e. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́tàdínlógún ti wá wo kọ̀ǹpútà náà, gbogbo wọn ló ti lọ. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ ti rí ẹni tí yóò tún un ṣe."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ti gbàgbé ọdún tí mo fi ẹsẹ̀ dá, tí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ Ìbídùnní, ọmọ àbúrò mi, n'Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà ni ọmọbìnrin yẹn ń tún ṣe. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí mò ń wò ó. Bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà wá pé àwọn fi mẹ́mọ̀rì kún un, kò sì rí i tán, Ìbídùnní kì í ké, kì í bínú. Á pa iná rẹ̀, á yọ mẹ́mọ̀rì náà, á fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa ìwé rẹ́ nu eyín wúrà tó wà nídìí rẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ bọ ihò rẹ̀ títí á fi dún kọ́. Bí ìyẹn kò bá ṣe é, á dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan ní ihò kan náà. Bí ìyẹn náà kò bá ṣe é, á wọ inú ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà lọ wádìí. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà Pèmíkínjẹ́ tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Wọ́n pa iná rẹ̀, mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Wáyà gba orí mi kọjá bí ìtàkùn. Ní àárín ilé, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà nílẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, mẹ́mọ̀rì méjì sì dúró sínú wọn, wọ́n rí pẹlẹbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ilẹ̀kùn. Èyí tó wà níwájú ni ti àtijọ́. Aláǹtakùn ti ta sí i lára, wọ́n sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Bàbá ni gbogbo ìlú ń pè é. Èyí tó wà lẹ́yìn tuntun, ó ń dán.

Mo wọ́ wọn jáde. Àwọn akọ̀wé ọba gbé rọ́bà kan wá tó tóbi tó odidi búrẹ́dì, mo sì fi ń nu eyín wọn, eyín wúrà ẹgbẹlẹmùkù. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi nu ti Bàbá, odidi ọjọ́ kan ni mo fi nu ti èyí tuntun. Ẹ̀yìn mi fẹ́ já. Mo tún gbé wọn bọ ihò, Bàbá níwájú, ọmọ tuntun lẹ́yìn, mo fi èjìká tì wọ́n títí wọ́n fi dún kọ́. Wọ́n tan iná. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó pe ẹgbẹ̀rin, ó dákẹ́, ó padà sórí ẹni àkọ́kọ́. Mo lọ jókòó ti Àwẹ̀ró. Òkúta náà ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kẹta, mo ní kí a dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé Bàbá nìkan sí ihò iwájú, ó pe irinwó láìsí àṣìṣe. Mo gbé Bàbá jáde, mo gbé ọmọ tuntun nìkan sínú ihò ẹ̀yìn. Wọ́n tan iná, kọ̀ǹpútà kò jí rárá. Ilé ṣókùnkùn, kò dún, kò mira. Inú mi dùn. Mo jáde sí gbangba, mo gbọwọ́ lé ìbàdí, mo ní, "Kábíyèsí, wọ́n tà yín ní ayédèrú." Inú bí ọba, ó ní kí ìránṣẹ́ mẹ́jọ gbé mẹ́mọ̀rì tuntun padà lọ sọ́dọ̀ àwọn iwin tó tà á. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi lọ, odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi bọ̀. Èmi ń jẹ ẹran ààfin, mò ń sọ ìtàn ẹfọ̀n fún àwọn ìjòyè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé e padà wá. Àwọn iwin dán an wò lójú wọn, ó rántí ẹgbẹ̀fà láì fi ọ̀kan sílẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Gbogbo ààfin yíjú sí mi. Kò sí ẹni tó bú mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbéraga dànù, ìyàwó mi sì ń di òkúta. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti le dé orúnkún.

Ó wá ku ẹni tó ń jí kọ̀ǹpútà. Ìyá arúgbó kan ló ń gbé inú yàrá tó kéré jù nínú ilé náà, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ajíṣáájú. Bí wọ́n bá ti tan iná, òun ló ń kọ́kọ́ jí, á ka gbogbo ohun tó wà nínú ilé, á sì jí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ó ti wọ ẹ̀yìn ilé lọ, o kò lè rí i mọ́. Ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ni o gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ojú tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kàn án, ó ti lọ. Wọ́n paná, wọ́n tún tan án, mo kàn án, ó ti lọ. Láti àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún títí di ọ̀sán, ìgbà mẹ́rìnlá ni mo sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú orúnkún tí ẹ mọ̀ yìí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, mo kúkú jókòó ti ilẹ̀kùn, mo gbé ọwọ́ lé e kí wọ́n tó tan iná.

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?"

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́yínká, olórí ọdẹ Ìdó-Ọsàn, ẹni tó bá ẹfọ̀n jà láàárọ̀, tó sì fi ìwo rẹ̀..."

"Dúró kí n kà ọ́." Ó ṣílẹ̀kùn. Arúgbó kúkúrú kan ni, ẹfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó fa ìlà kúkúrú kan sára ògiri. Ó ní, "Ìdajì."

"Ìdajì kí ni, Mama?"

"Ìdajì èèyàn ni mo rí. Ìyókù wà lẹ́yìn ohun tó o gbé síwájú. Ta ló ń lọ níwájú ní ilé rẹ?"

"Èmi ni."

"Kí ló fà á?"

"Èmi ni mo dàgbà. Èmi ni mo ní ìbọn."

"Ṣé ojú rẹ ń ríran?"

Mo ní, "Mo lè rí èèrà lórí igi ọ̀pẹ láti òdìkejì odò."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tún fa ìlà kúkúrú kan. Ó ní, "Ìdajì," ó sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rẹ̀ mí. Mo fìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Mama, mi ò ríran mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, òjìji lásán ni mò ń rí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹran tí mo pa kẹ́yìn tí mo pè ní ẹtu, ewúrẹ́ Káríìmù ẹlẹ́mu ni. Èmi ni mo wà níwájú lọ́jọ́ tí a sọnù. Èmi ni mo mú ìyàwó mi wọ ibí."

Káríìmù, jókòó. Mo ní kí o jókòó. A ó sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ nígbà tí mo bá parí. Àwọn ohun tí mo ní mo rí, ọwọ́ ni mo fi rí òmíràn, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ìyókù.

Ìyá Ajíṣáájú wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fa ìlà gígùn kan láti igun ògiri dé igun kejì. Ó ní, "Ó pé. Wọlé wá jókòó, omi wà nínú ìkòkò." Ó bu omi fún mi. Nígbà tí mo mu ún tán, ó ní, "Nígbà tó o dán ọmọ tuntun yẹn wò lóun nìkan, ihò wo lo gbé e sí?"

"Ihò ẹ̀yìn."

"Kí ló dé tí kì í ṣe iwájú?"

Mo ní, "Mama, ihò iwájú ti Bàbá ni. Bí wọn ò tiẹ̀ sí níbẹ̀, èèyàn ò lè lọ gbé ọmọ àná sórí ìjókòó wọn."

"Bí iwájú bá ṣófo, èmi kì í jí," ni ìyá wí. "Ẹni tó bá sì wà níwájú ni mo fi ń wọn ẹni tó wà lẹ́yìn. Bí ti iwájú bá jẹ́ irinwó, mi ò lè rí ju irinwó lára ti ẹ̀yìn, bó ti wù kó ga tó. Ẹ gbé ẹni ńlá síwájú, ẹ gbé Bàbá sẹ́yìn, màá rí àwọn méjèèjì tán."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́tàdínlógún ló ti wá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Ó ní, "Wọn ò béèrè. Gbogbo wọn ló ń ka iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún mi."

Ní ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ tí oṣù yóò yọ ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọba. Àwọn ìjòyè dìde. Wọ́n ní ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí ẹni tó kọ́kọ́ dé bọ́ sẹ́yìn fún ẹni tó dé lánàá. Ọba gbé ọrùn rẹ̀ sókè tán, ó sì wò mí láti orí àjà. Ó ní, "Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síbẹ̀. Tí n bá gbé e sẹ́yìn, ojú wo ni màá fi wo àwọn tó ti di òkúta odi nítorí pé ó wà níwájú?" Mo fẹ́ bínú. Mo wá rántí pé bí wọ́n bá ní kí èmi náà bọ́ sẹ́yìn ní Ìdó-Ọsàn, màá yọ ìbọn ni. N kò bínú mọ́. Mo ní, "Kábíyèsí, kò sí agbára lára mi láti bá yín jiyàn. Ẹ jẹ́ ká lọ bi Bàbá fúnra wọn."

Gbogbo wa wọlé, a kúnlẹ̀ níwájú mẹ́mọ̀rì àtijọ́ náà. Ọba béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Eruku ń jábọ́ lára rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, ó rẹ̀ mí. Láti ìgbà tí ìlú ti ju irinwó lọ ni ó ti ń rẹ̀ mí. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé ọmọ yìí wá, inú mi dùn, mo rò pé ó ti wá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi. Ẹ wá gbé e sẹ́yìn mi. Èmi ò sì lè fẹnu ara mi sọ ọ́, ẹ ó ní mò ń sá fún iṣẹ́. Ẹ gbé mi sẹ́yìn. Màá ṣe irinwó tèmi níbẹ̀."

Ọba fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n pa iná, mo sì pọn Bàbá sẹ́yìn mi, mo gbé e láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni, ó sì wúwo lára mi ju gbogbo ẹfọ̀n tí mo ti pa láyé mi. Àwọn ìránṣẹ́ gbé ọmọ tuntun síwájú. Ó dún kọ́, èkejì náà dún kọ́. Wọ́n tan iná. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Ajíṣáájú láti inú yàrá rẹ̀: "Ẹgbẹ̀jọ. Ó pé."

Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Mo lọ dúró ti Àwẹ̀ró. Nígbà tó pe ẹgbẹ̀rin, ó sinmi díẹ̀, ó sì ń bá a lọ. Ọkùnrin kan tí kò tíì fọhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dìde, ó ní, "...kí ẹ sì bu ọbẹ̀ sí i," ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo rẹ̀ kiri. Ẹgbẹ̀rún. Ẹgbẹ̀fà. Oòrùn ń wọ̀, ohùn kọ̀ǹpútà kò yára, n kò sì lè kán an lójú. Òkúta ti dé ìbàdí Àwẹ̀ró. Ojú ọ̀run ti ń pọ́n nígbà tó pe orúkọ tó gbẹ̀yìn, "Àwẹ̀ró, aya Ọdẹ́yínká."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Èmi nìyí," ohùn rẹ̀ há débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra á, ó sì béèrè agbọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo gbé e fún un.

Ní ẹnu ibodè, mo tún gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo bọ́ síwájú. Mo rìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mo dúró. Mo ní, "Àwẹ̀ró, mi ò ríran mọ́."

Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá Ọdẹ́bùnmi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún tí ẹ kí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé kú àárọ̀ tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọdún mẹ́jọ."

Mo ní, "Ta ló wá ń mú wa dé oko láti ọdún mẹ́jọ?"

Ó rọra tún òṣùká orí rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ ò gbọ́ tí mo máa ń wúkọ́ lẹ́yìn yín? Tó bá yẹ kẹ́ ẹ yà sọ́tùn-ún, màá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ òsì, màá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tí gbòǹgbò bá wà nílẹ̀, màá pòṣé, ẹ ó sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ tí à ń lọ kó ẹ̀gúsí yẹn, ọ̀fun ló wú mi. Mi ò lè wúkọ́."

"Èmi rò pé òtútù àyà ló ń ṣe ọ́. Mò ń ra àgbo ikọ́ fún ọ."

"Mò ń mu ún."

"Ọdún mẹ́jọ lo fi mu àgbo kíkorò nítorí kí n má baà mọ̀?"

Ó ní, "Ẹ fẹ́ràn láti máa lọ níwájú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kẹ́ ẹ bọ́ sẹ́yìn?"

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ní kó máa lọ. Ó wò mí bóyá mò ń ṣeré ni, ó sì kọjá síwájú. Mo di etí ìró rẹ̀ mú. Bí a ti ṣe gba inú igbó tí ń yán kọjá nìyẹn, tí a sì dé ilé.

Ìtàn mi parí síbẹ̀. Ẹ bá mi nàró, orúnkún mi ti kú. Ìbọn ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi Ọdẹ́dìran, òun ni olórí ọdẹ báyìí, òun ni kí ẹ máa lọ bá. Káríìmù, ewúrẹ́ rẹ dára, ó lọ́ràá, má bínú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bi ara yín léèrè ta ló ń wúkọ́ lójú ọ̀nà oko láràárọ̀ báyìí, èmi ni. Àyà kò dùn mí. Àwẹ̀ró ló ń lọ níwájú, mo sì ń wúkọ́ kó lè mọ̀ pé mo ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.